Abẹ́rẹ́ Ṣáájú Sípíkà: Ìtàn Ẹ̀rọ Àwo Orin ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yà mẹ́fà ni orin ń bá pàdé nínú ẹ̀rọ àwo kó tó dé etí: abẹ́rẹ́ tó ń tọ ìlà ojú àwo, katiríìjì tó ń sọ ìgbọ̀n abẹ́rẹ́ di iná, apá tó gbé katiríìjì dání, ẹ́ńjìnnì tó ń yí àwo, amplifáyà tó ń fún iná náà lágbára, àti sípíkà tó ń sọ iná di ohùn padà. Ó ṣọ̀wọ́n kí owó ẹnì kan tó láti pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi máa ń dojú kọ ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: èwo ni kí òun kọ́kọ́ tún ṣe? Ní Àpápá ni ẹ̀rọ ń gbà wọ Èkó láti òkè òkun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ àwo orin tó gbajúmọ̀. Ajégúnlẹ̀ tó wà lódìkejì ààlà tí wọ́n ń pè ní Boundary ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wáàfù àti ti ilé-iṣẹ́ Àpápá ń gbé, tí wọ́n ti ń gbọ́ àwo náà. Láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdáhùn àwọn ará àdúgbò méjèèjì sí ìbéèrè yìí yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ̀rọ, iná àti owó ìlú ṣe ń yí padà.

Ìgbà abẹ́rẹ́ irin

Iṣẹ́ wáàfù Àpápá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921. Nígbà tó parí ní 1926, àyè mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀ sí. Giramafóònù ti dé Èkó ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n wáàfù tuntun àti ojú irin tó so mọ́ ọn mú kí kíkó ẹrù òyìnbó wọlé túbọ̀ rọrùn. Àsìkò yìí kan náà ni àwo orin Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá akọrin, kọ orin ìsìn sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1936, Túndé King, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí aṣáájú orin jùjú, gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ́dọ̀ Parlophone.

Giramafóònù ìgbà yẹn kò lo iná. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká sípíríǹgì inú rẹ̀, sípíríǹgì náà ló sì ń yí àwo. Abẹ́rẹ́ ń gbọn abala tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpótí ohùn kékeré, ìwo sì ń gbé ohùn náà jáde. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe àwo, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń pèsè ní Íńdíà, tí wọ́n pò mọ́ òkúta lílọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta sí i kó lè máa họ orí abẹ́rẹ́ irin títí tí abẹ́rẹ́ yóò fi bá ìlà àwo mu. Nítorí bẹ́ẹ̀, ojú àwo kan ṣoṣo, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ni abẹ́rẹ́ kan wà fún. Ẹni tó bá lò ó lé e, ìlà àwo rẹ̀ ni yóò máa fi jẹ. Agolo kékeré ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí tà, agolo kan sábà máa ń gba 200.

Abẹ́rẹ́ yìí ló tún ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ròkè tó. Èyí tó nípọn ń gbé ohùn sókè, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń gbàlejò á fi èyí tó nípọn sí i, ẹni tó bá ń dá gbọ́ orin lálẹ́ á fi èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Kò sí ẹ̀yà mìíràn tí olówó kékeré lè pààrọ̀ tí yóò sì gbọ́ ìyàtọ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀. Nígbà giramafóònù, ìdáhùn kò le rárá: abẹ́rẹ́ ni.

Iná dé, rédíógíráàmù dé

Ilé-iṣẹ́ iná Ìjọra, tí kò jìnnà sí Àpápá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni iná tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n dá àjọ iná ìjọba, ECN, sílẹ̀ ní 1950. Ní àwọn ọdún 1950 kan náà ni wọ́n fẹ wáàfù Àpápá lójú, tí wọ́n sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Òṣìṣẹ́ ya wọ ibẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìgbò àti àgbègbè Náíjà Dẹ́tà. Owó ilé Àpápá kò ṣeé san fún púpọ̀ nínú wọn, ni wọ́n bá gba yàrá sí Ajégúnlẹ̀.

Rédíógíráàmù ni ẹ̀rọ tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ nígbà náà. Àpótí igi gígùn ni, bí àga pálọ̀: rédíò wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ àwo wà nínú rẹ̀, amplifáyà àti sípíkà náà kò gbẹ́yìn. Grundig, Telefunken, Philips àti HMV wà lára orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ àwo inú wọn ló ní ṣénjà, tó ń gbé ọ̀pọ̀ àwo léra wọn, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwọ̀n bí gbogbo ẹ̀yà ti wà nínú àpótí kan, ẹni tó ni ín kò lè pààrọ̀ amplifáyà tàbí sípíkà láìtú àpótí náà palẹ̀. Ohun méjì péré ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ ká: abẹ́rẹ́ àti katiríìjì.

Katiríìjì ní ìṣòro tí ojú ọjọ́ Èkó dá sílẹ̀. Katiríìjì kírísítà tó wọ́pọ̀ nígbà náà ní irú iyọ̀ kan nínú tó ń sọ ìgbọ̀n di iná. Iyọ̀ yìí ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ooru púpọ̀ sì ń bà á jẹ́. Ní àdúgbò tí ọ̀sà yí ká, ohùn irú katiríìjì bẹ́ẹ̀ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹni tó ni ẹ̀rọ á rò pé amplifáyà ló rẹ̀, bẹ́ẹ̀ katiríìjì ni. Nígbà tí katiríìjì seramíìkì dé, tí omi àti ooru kò rí gbé ṣe tó bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ rédíò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi rọ́pò ti àtijọ́, ohùn á sì padà bọ̀ sípò.

Ìṣòro kejì ni abẹ́rẹ́ méjì. Columbia gbé àwo ike tó ń yí ní 33⅓ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, RCA sì gbé èyí tó ń yí ní 45 jáde ní 1949. Ìlà ojú àwo tuntun yìí tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ṣẹ́láàkì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Síbẹ̀, Decca ṣì ń ta àwo 78 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ inú àwọn ọdún 1960, nítorí pé giramafóònù aláfọwọ́ká ṣì pọ̀ nílé. Ìdílé kan lè ní àwo 78 ti ẹ̀gbọ́n àti àwo 45 ti àbúrò pa pọ̀. Ìdí nìyí tí katiríìjì fi ní abẹ́rẹ́ lójú méjì, tí ọwọ́ kékeré kan ń yí láti apá kan sí èkejì. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i, tó fi abẹ́rẹ́ 78 sórí àwo 45, ti ha ìlà àwo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ 45 sínú ìlà 78 á gbọ́ ariwo ìsàlẹ̀ kòtò ju orin lọ.

Ohun tí wọ́n fi ṣe orí abẹ́rẹ́ náà ṣe pàtàkì. Sàfáyà lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí wákàtí 50 sí 100. Dáyámọ́ńdì lè lo wákàtí 500 sí 1,000. Dáyámọ́ńdì wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá pín owó rẹ̀ sí wákàtí tó lò, òun ló dínwó jù. Ọ̀pọ̀ kò ṣe ìṣirò yìí. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá jẹ, tó ń fò lórí àwo, wọ́n á gbé kọ́bọ̀ lé orí apá ẹ̀rọ kó lè wúwo. Àwo kò ní fò mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: abẹ́rẹ́ tó ti jẹ, tí ẹrù tún wà lórí rẹ̀, á máa gé ògiri ìlà náà títí ohùn á fi há.

Àwo tí wọ́n tẹ̀ ní Àpápá

Ilé-iṣẹ́ EMI ní sítúdíò ní Òpópónà Wharf ní Àpápá, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àwo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu akọrin, ó parí sórí àwo, gbogbo rẹ̀ nínú ọgbà kan. EMI ló gbé àwo Shakara ti Fẹlá jáde ní 1972 àti Gentleman ní 1973. Ní ọdún 1973 yìí kan náà ni akọrin Paul McCartney àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Wings, wá láti Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n gba ọ̀pọ̀ orin inú àwo Band on the Run sílẹ̀ ní sítúdíò Àpápá, lórí ẹ̀rọ tó ní ipa ohùn mẹ́jọ. Ìkẹjà, ní sítúdíò onílù Ginger Baker, ni wọ́n ti ṣe orin kan lára rẹ̀.

Irú orin tí Èkó fẹ́ràn sọ ìbéèrè abẹ́rẹ́ di èyí tó le ju ti ibòmíràn lọ. Àwo òyìnbó sábà máa ń ní orin márùn-ún tàbí mẹ́fà lójú kan. Shakara ní orin méjì péré, Lady ní ojú kan àti Shakara ní ojú kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ju ìṣẹ́jú 13 lọ. Àwo jùjú àti fújì náà fẹ́ràn kí orin kan so mọ́ òmíràn láìdúró títí ojú àwo yóò fi tán. Bí àwo 33⅓ ṣe ń yí, nǹkan bí ìdajì mítà ìlà ló ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan létí àwo. Nítòsí àárín, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Gbogbo ohùn tó wà nínú ìlà á wá fún pọ̀, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ kò sì ní lè tọ̀ ọ́ mọ́. Nínú orin òyìnbó, orin tó kẹ́yìn nìkan ni èyí bà jẹ́. Nínú orin Èkó, ibẹ̀ gan-an ni ìlù ti gbóná, tí fèrè àti gìtá ti dé góńgó. Ẹni tó bá gbọ́ tí fèrè Fẹlá ń há níparí ojú àwo lè dá ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ilé rẹ̀ ló ti jẹ.

Gígùn ojú àwo tún ń mú nǹkan mìíràn wá. Bí orin bá ti gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìlà gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, tí ohùn inú rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Olùgbọ́ á yí amplifáyà sókè láti fi dí i, ariwo ẹ́ńjìnnì àti eruku ojú àwo á sì bá a gòkè. Nítorí èyí, fífọ àwo mọ́ àti fífún ẹ́ńjìnnì ní òróró jẹ́ àtúnṣe tó ń hàn lójú ẹsẹ̀ lórí àwo Àpápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó díẹ̀ ni.

Owó Údòjì àti sípíkà ńlá

Ìgbìmọ̀ Údòjì dábàá àfikún owó oṣù fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974. Nígbà tí owó ẹ̀yìn rẹ̀ jáde ní 1975, ọ̀pọ̀ fi ra sítẹ́ríò. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ òkun kún ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá títí tí wọn kò fi ráyè gúnlẹ̀, ohun tó mú kí ìjọba kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977. Pioneer, Sansui, Akai, Sony àti Technics láti Japan rọ́pò rédíógíráàmù òyìnbó. Sítẹ́ríò tuntun yìí dá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dúró: ẹ̀rọ àwo lọ́tọ̀, amplifáyà lọ́tọ̀, sípíkà lọ́tọ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ẹni tó ni ẹ̀rọ lè mú ẹ̀yà kan, kó fi òmíràn sílẹ̀.

Ohun tí Ajégúnlẹ̀ kọ́kọ́ mú ni sípíkà. Ó sì ní ìdí. Orin àwo kì í ṣe ti inú yàrá nìkan níbẹ̀. Ó jẹ́ ti ìkómọ, ti òkú àgbà, ti ilé ọtí àti ti ìta gbangba. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣeré fún àwọn ènìyàn tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà nílò ohùn tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Sípíkà kékeré kò lè ṣe é, abẹ́rẹ́ tuntun kò sì lè sọ ọ́ di ńlá. Fún iṣẹ́ òde, ìpinnu wọn tọ́.

Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé àṣà òde wọlé. Yàrá inú ilé ojú-kojú, tí àwọn yàrá ti dojú kọra, kì í fẹ̀. Bí sípíkà ńlá bá wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ àwo, ìgbọ̀n rẹ̀ á gba tábìlì wọ inú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á gbé e padà fún amplifáyà, amplifáyà á tún gbé e fún sípíkà, títí gbogbo rẹ̀ á fi di ariwo tí ń hu. Sípíkà tó tóbi sí i ń mú èyí burú sí i. Pẹ̀lú ìyẹn, sípíkà tó dára ń jẹ́ kí etí gbọ́ gbogbo àléébù tó ti wà nínú abẹ́rẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, tí sípíkà kékeré ti ń bò mọ́lẹ̀. Gbígbé sípíkà kúrò lórí tábìlì ẹ̀rọ àwo, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ló ń ṣe àǹfààní ju rírà tuntun lọ.

Àríyànjiyàn yìí wà lókè òkun náà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé sípíkà ló ń pinnu ohùn, kí èèyàn ná owó tó pọ̀ jù lé e lórí. Ní Glasgow ní Sìkọ́tíláǹdì, Ivor Tiefenbrun, tó dá ilé-iṣẹ́ Linn sílẹ̀ ní 1973 láti ta ẹ̀rọ àwo Sondek LP12, tako èrò yìí. Ó ní ohun tí abẹ́rẹ́ kò bá gbé jáde látinú àwo, kò sí amplifáyà tàbí sípíkà tó lè dá a padà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Oníṣẹ́ rédíò Èkó tó ti ń pààrọ̀ katiríìjì tí iyọ̀ inú rẹ̀ yọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìlànà náà tipẹ́.

Iná tí kò dúró

Àjọ NEPA rọ́pò ECN ní 1972, ṣùgbọ́n iná Èkó kò dúró sójú kan. Ìpalára rẹ̀ fún ẹ̀rọ àwo jẹ́ oríṣi méjì. Èkíní ni agbára iná tó ń lọ sókè sódò, tó ń jó amplifáyà. Sitabiláísà lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ èyí. Èkejì kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo àtijọ́ ń tẹ̀lé iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó jẹ́ 50 ní Nàìjíríà àti 60 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá kó irú ẹ̀rọ àwo bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti Amẹ́ríkà, tó sì ra tiransifọ́mà láti rẹ agbára iná sílẹ̀, á rí i pé ẹ̀rọ kò jó, ṣùgbọ́n orin ń wọ́: àwo tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan á máa yí nígbà 28 péré. Tiransifọ́mà kò lè tún ìyẹn ṣe.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wọ́pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́yìn náà, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní “I better pass my neighbour”, fa ìṣòro kan náà. Bí ẹnì kan bá tan fáànù tàbí ayọ́ọ̀nù sí i, eré rẹ̀ á dínkù, ohùn akọrin á sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ àwo tó ń fi kírísítà kúọ́tísì ṣọ́ eré ara rẹ̀, bíi Technics SL-1200MK2 tó jáde ní 1979, kò bìkítà fún èyí. Nítorí náà, ní àdúgbò tó gbára lé jẹnẹrétọ̀, irú ẹ́ńjìnnì tó ń yí àwo ga nínú ètò ju bó ṣe rí nínú ìwé òyìnbó lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì, tòkunbọ̀ àti àwo tó ṣẹ́kù

Kásẹ́ẹ̀tì, tí Philips kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963, gba ọjà lọ́wọ́ àwo ní àwọn ọdún 1980. Ó rọrùn láti gbé, ó rọrùn láti dà kọ, ó sì ń lo bátìrì. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, ti 1986 mú kí náírà já, ike tí wọ́n fi ń tẹ àwo àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sì di ọ̀wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, títẹ àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin ní Nàìjíríà. Nígbà tí akọrin Daddy Showkey àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sọ orin gàlálà ti Ajégúnlẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbọ́ wọn.

Àwo àtijọ́ tún di ohun tí wọ́n ń wá kiri lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àkójọ Nigeria 70 jáde ní 2001, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e. Ilé-ìtajà Jazzhole ní Ìkòyí ń ta àwo fún ẹni tó fẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ wọn sábà máa ń jẹ́ tòkunbọ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ẹrù oníná tí wọ́n ti lò rí ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Apá kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ àwo tó bá wà láàárín wọn ti rin ìrìn àjò gígùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye wákàtí tó ti lò.

Ìrírí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ló to ètò àtúnṣe tó bá Èkó mu. Ohun tí kò ná owó ló ṣáájú: kí ẹ̀rọ tẹ́ dọ́gba, kí sípíkà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, kí àwo mọ́, kí ìwúwo apá jẹ́ èyí tí ẹni tó ṣe katiríìjì sọ, láìsí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tuntun tẹ̀lé e. Iná àti ẹ́ńjìnnì ló kàn, pàápàá fún ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni katiríìjì, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan: katiríìjì alágbára òòfà kì í pèsè iná tó pọ̀ bíi ti seramíìkì, nítorí náà ó nílò amplifáyà kékeré kan ṣáájú amplifáyà ńlá. Ẹni tó fi í sínú rédíógíráàmù àtijọ́ láìní èyí á gbọ́ ohùn tín-ín-rín, á sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Amplifáyà ló tẹ̀lé e, sípíkà ló kẹ́yìn. Sípíkà tí fóòmù etí rẹ̀ ti jẹrà nìkan ló yẹ kó fò síwájú, nítorí pé ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí fóòmù pẹ́. Àmọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi tuntun sí i láìra sípíkà mìíràn.

Ètò yìí kò wá láti inú ìgbéraga abẹ́rẹ́ lórí sípíkà. Sípíkà tó burú ń ba orin òní jẹ́, ó sì parí síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó burú ń ba àwo fúnra rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ẹni tó tún ń tẹ ọ̀pọ̀ àwo Àpápá mọ́. Ẹni tó bá ní àwo EMI ti àwọn ọdún 1970 nílé, tí kò sì mọ ọjọ́ orí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà kó tó gbé àwo sí i.